Ìwé Ọjọ́ Mọ́ńdè

Ìyá àgbà mi kò lójú àánú. Èyí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí lọ́jọ́ tí a sin wọ́n ní Ọ̀mù-Àrán, gbogbo ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pè wọ́n ní aláàánú, abiyamọ tòótọ́, ìyá gbogbo ayé. Mo jókòó níwájú, mo fi ìborùn bo ẹnu, àwọn èèyàn sì rò pé ẹkún ni mò ń sun. Ẹ̀rín ló ń pa mí. Ká ní Ìyá àgbà lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọn ì bá ní kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí. Ohun tí èmi fojú mi rí ni mo fẹ́ kọ síbí.

Kẹrosíìnì ni wọ́n ń tà ní ojúde ilé wa. Òórùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ó wà lára ìró wọn, ó wà nínú ẹ̀kọ tí wọ́n bá fi ọwọ́ yẹn bù fún èèyàn. Ọmọ ọdún méje ni mí, àbúrò mi Dàpọ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, nígbà tí bàbá wa kó wa wá bá wọn láti Èkó. Owó epo ń ṣàn nígbà náà. Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, wọ́n ti ra mọ́tò, wọ́n ti ra tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ran eegun Dàpọ̀ lọ́wọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bí mọ́ ọn, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tó bá ti dé sí i, eegun ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ro ó bí ẹni pé wọ́n ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, á sì ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Lọ́jọ́ tí a dé, Ìyá àgbà fa ìpéǹpéjú rẹ̀ sísàlẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún un, wọ́n sì yíjú sí bàbá wa tó ń nu omijé.

“Dákẹ́ jàre,” ni wọ́n wí. “Èyí á pẹ́ láyé tó bá gbọ́ràn.”

Ní ọsibítù, Mọ́ńdè ni ọjọ́ àwọn ọmọ bíi Dàpọ̀. Oògùn wà nígbà náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń wá láti Òrò, láti Àrán-Ọ̀rin, àní láti Bàbáńlá tó jìnnà. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Dókítà kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí ọmọ kan. Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ǹṣì yẹn, obìnrin kan á sọ pé òun rí i pé tí ọmọ òun bá ti ń tọ̀ bí omi ẹ̀wà, ìrora kò ní pẹ́ dé. Òmíràn á ní aṣọ gbígbóná lòun fi ń dì í ní orúnkún. Ẹnìkẹta á ní kí wọ́n má gbàgbé omi mímu, omi mímu, omi mímu. Ìyá àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́. Tí a bá ń padà lọ sílé, wọ́n á ní, “Dókítà mọ orúkọ àìsàn yìí. Bẹ́ǹṣì ló mọ ìwà rẹ̀.”

Nígbà tó yá, owó epo gbẹ. Ìjọba ní kò sí owó mọ́, dókítà kó ẹrù rẹ̀ lọ, àpótí oògùn ṣófo, wọ́n sì fagi lé ọjọ́ Mọ́ńdè pátápátá. Kò sí ẹni tó máa wọkọ̀ láti Bàbáńlá wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lásán. Àwọn ìyá ọlọ́mọ fọ́n ká, oníkálukú pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ nínú yàrá tirẹ̀, ó ń fi í pamọ́ fún àwọn ará ilé ọkọ, nítorí ẹni tí wọ́n bá ti mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbíkú ni wọ́n máa ń sọ pé ó ń bí. Ìyá àgbà lọ sí ilé ìtàwé, wọ́n ra ìwé ńlá kan tí èèpo rẹ̀ le, wọ́n pè mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn.

“Àdùkẹ́, mú bírò. Bẹ́ǹṣì máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá Káréèmù, tó ń fi mọ́tò kó èrò àti iṣu láàárín Ọ̀mù-Àrán àti Bàbáńlá, ló ń gbé ìwé náà. Tí wọ́n bá gbé e ní Túsìdeè, wọ́n á fi sílẹ̀ ní ilé kan lónìí, wọ́n á gbé e lọ sí òmíràn lọ́la. Ilé méje ni. Oníkálukú á kọ ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ rí lọ́sẹ̀ náà àti ohun tó ṣe sí i, á sì ka ti àwọn yòókù. Ní Mọ́ńdè, ìwé á padà dé ọ̀dọ̀ wa, òórùn kẹrosíìnì á tún kún un, èmi á sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí Ìyá àgbà kò mọ̀wé rárá.

Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ojú wọn kì í kúrò lára bírò. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ń ro mí, mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Nígbà tí wọ́n ní kí n kà á, mo ka gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mi ò yọ ọ̀kan kúrò. Wọ́n na ìka sórí ìwé, wọ́n fi wọn ìlà tí mo kọ, wọ́n gbá mi lórí. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gùn ju èyí lọ,” ni wọ́n wí. Mo tún un kọ.

Ìwé náà ní òfin, èmi náà ni mo kọ wọ́n sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ àdúrà síbẹ̀. Ìyá kan ní Àrán-Ọ̀rin kọ ojú ìwé kan gbáko pé Olúwa á wo gbogbo wọn sàn, Ìyá àgbà sì ní kí n fi bírò pa á rẹ́. “Àdúrà kún ṣọ́ọ̀ṣì, ó kún mọ́sáláṣí,” ni wọ́n ní kí n kọ sí abẹ́ rẹ̀. “Ohun tí o ṣe ni kí o kọ síbí.” Àwọn fúnra wọn kì í sì í pa ìsìn àárọ̀ jẹ.

Ẹni tó bá kà gbọ́dọ̀ kọ. Èyí ni wọ́n le sí jù. Ìyá Tíṣà ní Òrò, ìyàwó olùkọ́ kan, gba ìwé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra láìkọ nǹkan kan. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ojú ń tì í. Ìyá àgbà ní ńṣe ló ń jí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ jẹ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà: “Ìyá Tíṣà, ojú rẹ ń ka, ọwọ́ rẹ ń sùn. Ṣé ọmọ rẹ ti kú ni?” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a má kọ ọ́. Wọ́n wo mí bí ẹni tí kò rí mi. Nígbà tí ìwé padà dé, Ìyá Tíṣà ti kọ ojú ìwé mẹ́rin. Omi ti rin ojú ìwé kejì, bírò ti ṣàn. Ó kọ nípa ọkọ rẹ̀ tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn nítorí ọmọ yìí, ó kọ bí ó ṣe ń da omi gbígbóná sínú ìgò tó ń fi aṣọ wé, tó ń fi sí ọmọ náà nídìí, tí ìrora á fi rọlẹ̀ láàárọ̀. Gbogbo àwọn ìyá yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìgò. Dàpọ̀ náà lò ó, ó sì sùn. Ìyá àgbà ní, “Ẹ rí i? Ó ti wà nínú rẹ̀ látọjọ́ yìí. Èébú ló ń dúró dè.”

Wọn kò dá ilé tiwọn sí. Dàpọ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá, ó ṣì ń tọ̀ sílé lóru. Àìsàn náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwa ò tíì mọ̀. Ìyá àgbà jókòó, wọ́n ń sọ ọ́ fún mi kí n kọ ọ́: iye ìgbà tó tọ̀ sílé lọ́sẹ̀ náà, bí ẹní ṣe ń rùn, bí ó ṣe ga tó, pé ọmọ ọdún méje ló jọ. Dàpọ̀ wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ìró wọn mú.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Àdùkẹ́ kọ ọ́. Bọ̀dá Káréèmù máa ń kà á.”

“Jẹ́ kí ó kà á. Ìtìjú kò wo eegun sàn rí. Àdùkẹ́, kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Ní Mọ́ńdè kejì, ìyá mẹ́rin ti kọ pé tàwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn rò pé ọ̀lẹ ni, àwọn ti ń nà án. Wọn kò ní nà án mọ́. Ìyá àgbà ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí etí Dàpọ̀. Dàpọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Òfin tó kẹ́yìn ni pé ilé tí ọmọ bá ti kú, ìwé kò ní yà síbẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ lọ kí ìyá ọmọ náà. Àwọn èèyàn ní ó burú. Ìyá àgbà ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà rere, pé ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ̀rora kò nílò ojú òkú láti wò.

Ìyá Súlè ní Bàbáńlá ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Wọn kì í kọ ìrora nìkan. Wọ́n á kọ pé Súlè bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lánàá, pé ó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, ẹ̀rín á pa wá. Dàpọ̀ á ní kí n tún ka ti Súlè. Nígbà kan, Ìyá Súlè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ pé ara Súlè ti yá gan-an, ó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú òjò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Inú gbogbo wa dùn. Ìyá kan ní Àrán-Ọ̀rin jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ náà jáde sínú òjò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà fi wà láàárín ikú àti ìyè.

Ìyá àgbà gbọ́ èyí nígbà tí mò ń kà á. Wọ́n ní kí n padà sẹ́yìn, kí n ka gbogbo ohun tí Ìyá Súlè ti kọ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n pa ojú dé. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, “Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí kò ti kọ ìrora. Múra.”

A wọ mọ́tò Bọ̀dá Káréèmù lọ sí Bàbáńlá. Ìyá Súlè sáré jáde, wọ́n kúnlẹ̀, inú wọn ń dùn. Wọ́n gbé omi wá. Ìyá àgbà kò fọwọ́ kan omi náà.

“Pe Súlè wá kí n rí i.”

“Ó lọ sóko, Ìyá.”

“A óò dúró.”

A dúró. Nígbà tó pẹ́, Ìyá Súlè ní kì í ṣe oko, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ṣàárẹ́, ó lọ kọ́ṣẹ́. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í sọ pé ọmọdé kú; wọ́n á ní ó lọ sí ìrìn-àjò ni. Ìyá àgbà tún ní a óò dúró. Wọ́n pe ìrun alásàrí ní mọ́sáláṣí, àwọn ọkùnrin lọ, wọ́n dé. Ìyá Súlè dojú bolẹ̀ níwájú Ìyá àgbà.

“Wálàhí, Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ti ń jẹun, tó ti ń ṣeré. Tí ìwé bá ti dé, mo ní ọmọ.”

Mo ń sunkún. Ìyá àgbà dìde, wọ́n gbọn ìró wọn. “Irọ́ inú ìwé yẹn, ọmọ ni í pa,” ni wọ́n wí. “Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti kú kò ní ohun kan láti sọ fún ẹni tí tirẹ̀ ṣì wà láàyè.” Bí a ṣe ń padà, wọ́n ní kí Bọ̀dá Káréèmù dúró lọ́jà, wọ́n ra iṣu márùn-ún, wọ́n sì ná an dáadáa, nítorí iṣu Bàbáńlá dára ju tiwa lọ.

Dàpọ̀ kú ní ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ Sátidé ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Àyà ló mú un. Ní ọsibítù, wọ́n ní kí a lọ ra dírìpù wá láti ìta, Ìyá àgbà sì ti fẹsẹ̀ rin ìlú já kí wọ́n tó rí ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n gbé e dé, ẹ̀mí Dàpọ̀ ti bọ́. Wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kò jẹ́ kí n rí i. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, kò sì tíì dáríjì mí tán lórí ọ̀rọ̀ ẹní yẹn.

Ní Mọ́ńdè, Bọ̀dá Káréèmù gbé ìwé dé bí ìṣe wọn, wọ́n ní àwọn á padà wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la. Wọn kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ikú Dàpọ̀. Ìyá àgbà nu tábìlì, wọ́n gbé e síwájú mi. Mo ti ń sunkún láti Sátidé.

“Má sunkún síbẹ̀. Ìwé máa rin. Kọ ọ́.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Dàpọ̀ jẹ èkuru lánàá, ó jẹ ẹ́ tán. Ó mu omi ife mẹ́fà. Orúnkún ń ro ó díẹ̀ láàárọ̀, a fi ìgò Ìyá Tíṣà sí i, ó lọ. Ó ń bèèrè ìgbà tí bàbá rẹ̀ máa wá. Ó ní òun fẹ́ ra bàtà. Ojú wọn wà lójú ọ̀nà, ohùn wọn kò yí padà rárá, wọ́n ń sọ ọ́ lọ bí ẹni tó ń rí i.

Mo rántí Ìyá Súlè lórí ilẹ̀. Mo rántí àbúrò mi lórí eékún. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi dá ṣáká. Mo kọ ọ́ pé: Dàpọ̀ kú ní Sátidé, a ti sin ín. Kò ju ìyẹn lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí n kà á, mo ka èkuru, mo ka omi ife mẹ́fà, mo ka bàtà. Mo ń retí ìka wọn lórí ìlà. Wọn kò nà án. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n fi aṣọ nù ún, àwọn fúnra wọn ló sì gbé e fún Bọ̀dá Káréèmù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìwé náà kò padà wá. Àwọn ìyá yẹn ti mọ òfin dáadáa. Ìyá àgbà ló kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò wá kí wa. Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òrò, mo pàdé Ìyá Tíṣà lọ́nà pẹ̀lú ìwé náà lábẹ́ apá. Èèpo rẹ̀ ti ya, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bí ó ṣe rí mi, ó kọjá sí òdìkejì títì.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo Mọ́ńdè tí mo bá wà nílé, Ìyá àgbà á ní kí n lọ wò ó bóyá Bọ̀dá Káréèmù ti dé. Mo máa ń lọ. Bọ̀dá Káréèmù á mi orí láti inú mọ́tò láìwo ojú mi, èmi á padà wá sọ pé kò tíì dé. Wọ́n á ní, “Bóyá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Mo di olùkọ́, mo lọ́kọ, mo bímọ, tí mo bá wá kí wọn tó bọ́ sí Mọ́ńdè, wọ́n á rán mi. Mo rò pé wọn kò mọ ohun tí mo kọ. Mo gbé e bí ẹrù fún ọdún mẹ́rìnlá, mo sì ń wá ọjọ́ tí mo máa lè sọ ọ́.

Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, ojú wọn ti fọ́ tán, wọn kò lè dìde mọ́. Mo ń fi ṣíbí fún wọn lógì lọ́sàn-án. Wọ́n ti ọwọ́ mi sẹ́yìn.

“Ka ohun tí o kọ ní Mọ́ńdè yẹn fún mi.”

Mo mọ Mọ́ńdè tí wọ́n ń wí. Mo kà á láti orí wá: èkuru, omi ife mẹ́fà, ìgò, bàtà. Wọ́n jẹ́ kí n parí.

“O mọ̀ ọ́n kà,” ni wọ́n wí. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gùn. Ìlà kan lo kọ.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. “Ẹ rí i? Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kó lọ?”

“Irọ́ inú ìwé yẹn, ọmọ ni í pa.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi ń rán mi ní gbogbo Mọ́ńdè, Ìyá àgbà? Gbogbo ọdún wọ̀nyí?”

Wọ́n yí ojú tí kò ríran mọ́ sí mi. “Ìwọ lo lé e lọ. Ta ni kí n tún rán?”

Mo mú ṣíbí nílẹ̀. Wọ́n béèrè ọjọ́ tí a wà. Mo ní Mọ́ńdè ni.

“Lọ wò ó bóyá Káréèmù ti dé.”

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Bọ̀dá Káréèmù ti kú. Mo wọ bàtà mi, mo lọ.